Túúlu àti Ife Ìfọnú Màámi

Òórùn ewé àsúnwọ̀n tí wọ́n ń sè lórí iná igi kì í ṣe òórùn tí ènìyàn ń gbàgbé. Ó ti korò kí ó tó dé ẹnu. Bí o bá sọ̀ kalẹ̀ lójú títì ní Ẹ̀pẹ́, tí o gba ọ̀nà ẹsẹ̀ tó lọ sí etí ọ̀sà, o kò ní tíì rí ilé wa tí òórùn náà yóò ti wá pàdé rẹ: ewé, egbò igi, kán-ún, àti omi ògì kíkan tí wọ́n fi rẹ gbogbo rẹ̀ mọ́jú. Ọjọ́ Àìkú tó bá kángun sí ààwẹ̀ Ràmàdáànì ni Màámi máa ń gbé ìkòkò náà kaná lẹ́yìnkùlé. Ẹni tó bá sì jẹ́ ọmọ wọn, ibi yòówù kó wà, ó gbọ́dọ̀ wálé wá mu. Wọn kì í ránṣẹ́ pe ẹnikẹ́ni. A kàn mọ̀ ni. Èmi a máa wọ ọkọ̀ láti Ìkòròdú, bí a bá sì ti kọjá oríta Agbowa báyìí, inú mi á ti máa kùn nítorí ohun tó ń bọ̀ wá bá a.

Ìfọnú ni orúkọ tí a ń pè é nílé wa. Màámi gbà pé a kì í kó ààwẹ̀ sínú ikùn tó dọ̀tí, gẹ́gẹ́ bí a kì í ti í pọn omi mímu sínú àmù tí a kò fọ̀. Wọ́n á jókòó sórí àpótí, ìkòkò á wà lápá ọ̀tún, ife tánganran funfun kan á wà lọ́wọ́ wọn, àwa ọmọ á sì tò bí a ṣe bí wa. Èmi ni àkọ́bí, nítorí náà èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ kúnlẹ̀. Wọ́n á bu ife náà kún, wọ́n á gbé e lé mi lọ́wọ́ méjèèjì, wọ́n á ní kí inú mi mọ́, kí ara mi le, kí Ọlọ́run gba ààwẹ̀ mi. Mo gbọ́dọ̀ ṣe àmín kí n tó gbé e kan ẹnu. Àbúrò mi ọkùnrin á tẹ̀ lé mi, àwọn méjì yòókù á tẹ̀ lé òun. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìdíje á wá bẹ̀rẹ̀, nítorí ilé ìgbẹ́ kan ṣoṣo ni a ní, ikùn gbogbo wa sì ń ké lẹ́ẹ̀kan náà. Àbúrò mi yìí á di ṣòkòtò mú, á máa fi gbogbo orúkọ Ọlọ́run bẹ ẹni tó wà nínú ilé ìgbẹ́, àwa náà á sì máa rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wa. Ọ̀ràn burúkú tòun tẹ̀rín.

Ohun kan wà tí Màámi fi yàtọ̀ sí àwọn ìyá mìíràn tó ń se àgbo ládùúgbò. Àwọ̀n, okùn àti ìwọ̀ ni wọ́n ń tà fún àwọn apẹja, ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù wọn gan-an sì ni ọkùnrin kan ti ń ta oògùn òyìnbó. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti mọ kápúsù, èyí aláwọ̀ méjì, pupa lápá kan, yẹ́lò lápá kejì. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Ta ni kò mọ̀ ọ́n nílẹ̀ yìí? Àwọn ènìyàn ń dà á sójú egbò, wọ́n ń fún ẹni tó ń yàgbẹ́ gbuuru, wọ́n sì tún ń fún ẹni tí kò rí ìgbẹ́ yà. Màámi a máa já kápúsù sí méjì, wọ́n á da ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sínú àgbo tó ti ń tutù, wọ́n á fi igi rò ó pọ̀. Wọ́n ní àgbo á gbá ìdọ̀tí, kápúsù á wá pa kòkòrò tó bá sá pamọ́. Kò sì tán síbẹ̀. Bí a bá ń padà lọ, wọ́n á di kápúsù sínú ọ̀rá fún kálukú wa, pé bí ikùn bá ti kùn, kí a tètè lò ó. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí mo bá jẹ ẹ̀wà tí kò bá mi lára mu, kápúsù ni. Bí mo bá mu omi tí kò dá mi lójú, kápúsù ni. Mi ò bi ara mi léèrè rí, nítorí pé ẹni tó bí mi ló fún mi.

Ẹ̀yìn ìgbà tí mo bí àwọn ìbejì mi ni túúlu bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi jà. Ẹni tí kò bá ṣe rí á rò pé ẹ̀fọ́rí lásán là ń sọ, irú èyí tí ènìyàn ń fi oorun lé lọ. Ojú ni tèmi kọ́kọ́ máa ń mú. Ìmọ́lẹ̀ kékeré kan á bẹ̀rẹ̀ sí í jó níwájú mi bí oòrùn ṣe ń jó lórí omi, á máa fẹ̀, títí ìdajì ohun tí mo ń wò á fi pòórá. Lẹ́yìn náà ni apá òsì orí mi á bẹ̀rẹ̀ sí í lù. Ìró ṣíbí lára àwo, òórùn ata tí wọ́n ń dín, ohùn àwọn ọmọ mi tí mo fẹ́ràn jù láyé, gbogbo rẹ̀ á di ọ̀tá mi. Mo máa ń bì títí kò fi ní sí ohun tó kù ju omi òrónro lọ. Yàrá tó ṣókùnkùn, aṣọ tútù níwájú orí, kí ẹnikẹ́ni má sì bá mi sọ̀rọ̀, ohun tí mo ń fẹ́ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ìbejì mi ti mọ bí a ṣe ń yọ́ ẹsẹ̀ rìn nínú ilé kí wọ́n tó mọ bí a ṣe ń kàwé. Títí di òní, ó máa ń dùn mí bí mo bá rántí.

Inú ààwẹ̀ ló máa ń burú jù. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kò ní tíì parí tí mo ti máa wà lórí ibùsùn, tí ọkọ mi á máa bẹ̀ mí pé kí n mu omi, kí n lo oògùn, pé Ọlọ́run kò ní kí aláìsàn pa ara rẹ̀. Mo máa ń ṣínu pẹ̀lú omijé, kí n tó wá san ààwẹ̀ náà padà lẹ́yìn ọdún, nígbà tí gbogbo ayé bá ń jẹun. Gbogbo ènìyàn ní ebi ló ń pa mí. Màámi nìkan ló ní kì í ṣe ebi. Wọ́n ní, "Orí kì í dédé fọ́. Inú ló ń rán an." Wọ́n gbà pé ikùn mi kò tíì mọ́ tó ni. Nítorí náà, bí ọdún bá yí po, ife tèmi á kún ju ti ẹ̀ṣí lọ, kápúsù á sì pọ̀ sí i nínú ọ̀rá mi. Bí túúlu bá ṣe ń le sí i ni ìfọnú ń le sí i. Kò sí ẹni tó rò ó pé bóyá ọ̀kan ló ń fa èkejì.

Iṣẹ́ mi nígbà náà, tí mo ṣì ń ṣe títí di ìsinsìnyí, wà ní Èbúté Ìkòròdú. Èmi ni mo ń dúró lórí pákó tí èrò ń gbà wọ ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Èkó. Èmi ni mò ń rí i pé gbogbo wọn wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n sì so okùn rẹ̀ dáadáa, kí n tó juwọ́ sí awakọ̀ pé kí ó máa lọ. Iṣẹ́ tí kò le ni lójú ẹni tó ń wò ó láti òkèèrè. Òórùn epo bẹntiróòlù ló ń kí ènìyàn káàárọ̀ níbẹ̀, oòrùn á sì máa kọ mànà lórí omi títí ojú á fi máa ro ni. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí mo ti lo kápúsù fún inú rírun tó mú mi ní ọ̀sẹ̀ náà, mo wo inú ọkọ̀ kan, mo rí i pé gbogbo èrò ti wọ jákẹ́ẹ̀tì, mo sì juwọ́. Awakọ̀ kò lọ. Ó ń nàka sí apá òsì ọkọ̀, ó ń sọ ohun kan. Nígbà tí mo yí gbogbo orí mi síbẹ̀ ni mo tó rí ìyá kan tó gbé ọmọ jòjòló lẹ́sẹ̀. Kò wọ nǹkan kan, ọmọ náà kò wọ nǹkan kan. Ibẹ̀ ló ti wà látìgbà yìí. Èmi ni mi ò rí i, nítorí pé túúlu ti mú ìdajì ojú mi lọ.

Ọkọ̀ náà kò rì, ìyá náà wọ tirẹ̀, wọ́n sì gúnlẹ̀ sí Èkó láyọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá wa ní èbúté pè mí sí abẹ́ ìbòòji. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, kò pariwo. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, mo mọ̀ pé ẹ kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹ lọ tọ́jú orí yìí. Tó bá tún ṣẹlẹ̀, mi ò ní lè fi yín síbi tí ẹ̀mí èèyàn wà mọ́." Òótọ́ ló sọ.

Dókítà tó gbà mí lálejò ní ilé ìwòsàn kan láàárín ìlú Ìkòròdú jẹ́ obìnrin tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tó tèmi. Ó bi mí nípa ìmọ́lẹ̀ tó ń jó, nípa èébì, nípa apá tí orí ti ń fọ́, ó sì sọ pé túúlu ni lóòótọ́. Lẹ́yìn náà ló béèrè pé báwo ni inú mi. Mo wojú rẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bi í pé ṣé Màámi ló rán an. Mo wá sọ ti inú kíkùn fún un, mo sọ ti àgbo, mo sọ ti kápúsù tí mo ń lò bí ẹni ń jẹ gúgúrú. Ó gbé kálámù rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, Mà. Ìfun tí ẹ ń gbá yìí, ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ ń gbá dànù?"

Ó wá là á yé mi. Ó ní ìfun ènìyàn kì í ṣe ilé òfìfo. Àwọn ẹ̀dá tíntìntín tí ojú kò lè rí, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní bakitéríà, ló kún ibẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kì í sì í ṣe ọ̀tá wa. Wọ́n ń bá wa lọ oúnjẹ, wọn kì í jẹ́ kí àwọn burúkú ráyè jókòó, wọ́n sì ń ṣe àwọn ohun kan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé káàkiri ara. Ó ní iṣan gígùn kan tún wà tó ti inú lọ sí ọpọlọ, ọ̀rọ̀ ń lọ, ọ̀rọ̀ ń bọ̀ lórí rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Àwọn tó ń ṣèwádìí ti ń kíyè sí i pé àwọn bakitéríà inú ẹni tó ń ṣe túúlu kì í fi bẹ́ẹ̀ jọ ti ẹni tí kì í ṣe é. Ṣùgbọ́n kò purọ́ fún mi. Ó ní kò tíì sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé inú ló ń da orí láàmú, tàbí orí ló ń da inú láàmú, tàbí àwọn méjèèjì ló ń bá ara wọn fà á. Ohun tó dá a lójú ni pé kápúsù yẹn kì í ṣe oògùn inú kíkùn, pé kò mọ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀tá, àti pé ẹni tó bá yàgbẹ́ títí omi ara rẹ̀ fi gbẹ, tó wá tún bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ láìmu omi, ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ pe túúlu wálé.

Ó fún mi ní oògùn tí mo máa lò bí ìmọ́lẹ̀ náà bá ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí n máa mu omi, kí n máa jẹun lásìkò, kí n má fi oorun ṣeré, kí n má sì tún fẹnu kan kápúsù láìjẹ́ pé dókítà ló ní kí n lò ó. Ó ní òun kò ṣèlérí pé kò ní padà wá mọ́. Mo tẹ̀ lé gbogbo rẹ̀. Nígbà tí oṣù bíi mélòó kan fi kọjá, mo ṣàkíyèsí pé túúlu ti ń jìnnà síra, pé èyí tó bá sì wá kì í gbé mi ṣánlẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Bóyá oògùn ni, bóyá omi ni, bóyá àwọn ará ilé mi tíntìntín ló ti ń padà sí ìfun mi, mi ò lè sọ. Mo kàn mọ̀ pé mo ti ń rí gbogbo ọkọ̀ láti ọ̀tún dé òsì.

Ìgbà tí ààwẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀ ni ọkàn mi wá bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú. Ọkọ mi ní kí n sọ pé wọn kò fún mi láyè níbi iṣẹ́. Ó tún ní kí n gba ife náà, kí n lọ dà á sẹ́yìn ògiri, kí ó parí. Mo lè tan ọ̀gá mi jẹ, mo tiẹ̀ lè tan ọkọ mi gan-an jẹ, ṣùgbọ́n ife tí ìyá mi gbàdúrà sí, báwo ni mo ṣe fẹ́ dà á sẹ́yìn ògiri? Bí mo bá mu ún, mo mọ ibi tí mo máa wà kí ọ̀sẹ̀ kìíní tó parí, mo sì mọ ohun tí ọ̀gá mi ti sọ. Bí mi ò bá mu ún, mi ò mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ láàárín èmi àti Màámi, nítorí pé kò sí ẹni tó kọ̀ ọ́ rí.

Mo tètè jí lọ sí Ẹ̀pẹ́ kí n lè kọ́kọ́ bá wọn sọ̀rọ̀ ní ìdákọ́ńkọ́, àmọ́ àwọn àbúrò mi ti débẹ̀ ṣáájú mi. Ìkòkò ti sọ̀. Màámi pè mí, mo kúnlẹ̀, wọ́n bu ife kún, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́. Kí wọ́n tó la ẹnu àdúrà, mo ní, "Màámi, ẹ má bínú. Mi ò ní lè mu ún lọ́dún yìí." Wọ́n rò pé kíkorò rẹ̀ ni mo ń sá fún, wọ́n ní kí n dí imú mi. Mo wá ṣàlàyé. Mo sọ ohun tí dókítà sọ, mo sọ ti àwọn tó ń gbé inú ìfun tó jẹ́ ọ̀rẹ́ wa, mo ní kápúsù ń pa wọ́n. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni mò ń gbọ́ ọ bó ṣe máa rí létí wọn, bí àlọ́ tí ẹnì kan pa fún mi nígboro. Àbúrò mi ọkùnrin rọ̀ mí pé kí n kàn tọ́ ọ wò, kí ọ̀rọ̀ parí.

Màámi gba ife lọ́wọ́ mi. Wọ́n bi mí pé, "Dókítà yẹn, ṣé òun ló bí ọ?" Wọ́n da àgbo náà sídìí igi ìbẹ́pẹ, wọ́n ṣan ife, wọ́n sì ní kí ẹni tó kàn bọ́ síwájú. Mo dìde kúrò lórí ìlà. Àbúrò mi kúnlẹ̀ síbi tí mo ti kúnlẹ̀, mo sì gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣàdúrà fún un, kí inú rẹ̀ mọ́, kí ara rẹ̀ le, kí Ọlọ́run gba ààwẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ṣe é fún gbogbo wọn títí dé orí àbíkẹ́yìn. Wọn kò ṣe é fún mi. Àgbà ni mí nígbà yẹn, mo ti bímọ, ṣùgbọ́n bí ọmọ tí wọ́n gbàgbé sọ́jà ni mo ṣe rí nínú ọkọ̀ tó gbé mi padà sí Ìkòròdú.

Ààwẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo gbà láìsí àdúrà ìyá mi láti ìgbà tí mo ti dáyé nìyẹn. Mo pè wọ́n lórí fóònù, wọn kò gbé e. Mo tún pè, àbúrò mi ọkùnrin tó wà lọ́dọ̀ wọn ló gbé e, ó ní wọ́n ní kí n máa jẹ́ kí ara mi le. Mo mọ̀ pé òun ló sọ bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀. Ohun tó tiẹ̀ mú un dunni jù ni pé ààwẹ̀ náà ń lọ dáadáa. Mò ń jẹ sààrì, mò ń mu omi púpọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, mò ń dúró lórí pákó ní èbúté, mo sì ń rí èrò. Ọ̀sẹ̀ kìíní kọjá, èkejì wọlé, mi ò tíì ṣínu lọ́sàn-án. Ìyá mi gan-an ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún. Mo máa ń ronú rẹ̀ bí ọkọ̀ bá lọ tán tí èbúté dákẹ́, omijé á sì lé ròrò sójú mi.

Nígbà tí ààwẹ̀ ń lọ sópin ni túúlu wá. Ìbejì kan ṣàìsàn, mi ò sùn dáadáa, mo sì sùn kọjá sààrì. Nígbà tí oòrùn fi máa yọ, ìmọ́lẹ̀ náà ti ń jó. Mo ṣínu, mo lo oògùn, mo fa kọ́tìnnì, mo dùbúlẹ̀. Ọkọ mi ló pe àbúrò mi, àbúrò mi ló sọ fún Màámi. Mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn yàrá ṣí jẹ́jẹ́ lọ́sàn-án, mo rò pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ni. Ọwọ́ tó gbé aṣọ tútù lé mi níwájú orí ni mo fi mọ ẹni tó wọlé. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Mo ń retí pé kí wọ́n ní mo rí i báyìí, mo kọ̀ láti fọnú, túúlu ti dé. Wọn kò sọ ọ́.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Wọ́n sọ fún mi lọ́jọ́ náà ohun tí mi ò gbọ́ rí. Wọ́n ní orí fífọ́ ló pa ìyá tó bí wọn. Ọmọdé ni wọ́n nígbà náà, ní abúlé àwọn apẹja kan lódìkejì ọ̀sà, níbi tí kò ti sí dókítà. Àwọn àgbà fi aṣọ di orí ìyá náà, wọ́n sín in ní gbẹ́rẹ́ lẹ́bàá ojú, kò gbọ́. Nígbà tí wọ́n ń wẹ òkú rẹ̀, arúgbó kan sọ lójú Màámi pé kì í ṣe orí ló pa á, pé inú rẹ̀ ló dọ̀tí, pé bí wọ́n bá ti tètè fọ̀ ọ́, kì bá má kú. "Láti ọjọ́ náà ni," wọ́n ní. "Nígbà tí ìwọ náà wà ní kékeré, tí o di orí mú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mi ò sùn mọ́. Ife yẹn nìkan ni mo ní lọ́wọ́ fún ọ."

Mo sunkún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹkún máa ń mú kí túúlu le sí i. Mo sọ fún wọn pé wọn kò ṣìnà tán, pé dókítà náà gbà pé ọ̀rọ̀ ń lọ láti inú sí orí. Mo ní ohun tí a kò mọ̀ ni pé àwọn olùgbé kan wà nínú ìfun tí kò yẹ kí a lé. Màámi wá béèrè, ohùn wọn kò jọ ohùn wọn, "Ṣé èmi ni mo ń lé wọn jáde?"

Mo sọ fún wọn pé kò sí ẹni tó mọ ohun tó fa túúlu mi, pé àwọn dókítà pàápàá ṣì ń wá a. Òótọ́ ni mo sọ.

Wọ́n ní, "O ò sọ pé rárá."

Wọ́n mú aṣọ iwájú orí mi, wọ́n tún un rì sínú omi, wọ́n fún un, wọ́n sì dá a padà. Ilé mi ni wọ́n ti ṣínu lálẹ́ ọjọ́ náà. Àwa méjèèjì kò dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́, kí wọ́n tó lọ àti lẹ́yìn tí wọ́n lọ, ọdún ààwẹ̀ sì dé, a ṣe é.

Nígbà tí ọdún yí po, mi ò mọ̀ bóyá kí n lọ. Mo lọ ṣáá. Iná wà lẹ́yìnkùlé, ìkòkò wà lórí rẹ̀. Àbúrò mi yọ́ sọ fún mi pé kò sí kápúsù nínú rẹ̀ mọ́, pé Màámi ti dá a dúró láti ìgbà ààwẹ̀ tó kọjá, wọn kò sì sọ ìdí fún ẹnikẹ́ni. Àwọn àbúrò mi ṣì fẹ́ mu tiwọn, nítorí àṣà ni, èmi ò sì dá wọn lẹ́kun. Mo fà sẹ́yìn kí n lè fún wọn láyè. Ìgbà náà ni mo gbọ́ tí Màámi pe àkọ́bí wọn. Gbogbo wa wo ara wa. Mo bọ́ síwájú, mo kúnlẹ̀, ẹ̀rù ń bà mí, nítorí mi ò fẹ́ kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n gbé ife náà lé mi lọ́wọ́ méjèèjì. Ó fúyẹ́. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, ó gbẹ táútáú. Ọwọ́ wọn wà lórí tèmi, wọ́n sì ṣe àdúrà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọn kò fo ọ̀rọ̀ kan. Mo ṣe àmín.

Túúlu kò tíì fi mí sílẹ̀ tán. Ó máa ń yọjú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì ti mọ bí mo ṣe ń dè é. Mi ò mọ ohun tí àwọn onímọ̀ á padà rí nípa àwọn tó ń gbé inú ìfun wa, mo sì ń retí rẹ̀ bí gbogbo ayé ṣe ń retí rẹ̀. Ohun tí èmi rí kò sí nínú ìwádìí. Ní gbogbo ọdún yẹn, mo rò pé bí mo bá kọ oògùn Màámi, Màámi ni mo kọ̀ yẹn. Màámi náà rò bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ó fi dun àwa méjèèjì tó bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n gbé ife òfìfo fún mi ni mo tó mọ̀ pé àdúrà ni wọ́n ti ń bù fún mi láti kékeré. Àgbo kàn ń bá a wọlé ni.